Ẹ̀jẹ̀ Ẹni àti Irú-Ọmọ Ẹni: Ohun Tí Ìtànṣán Ń Bà Jẹ́ àti Ohun Tí A Kò Tíì Rí Kó Bà Jẹ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo kí yín o. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin ará yàrá àyẹ̀wò, ẹ kú ìkàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtànṣán, irú èyí tó wà nínú X-ray àti àdó átọ́ọ̀mù, àti iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ohun ìbímọ ènìyàn, mo ti mọ̀ pé ìbéèrè méjì ni ọ̀pọ̀ yín gbé wá láti ilé. Èkíní: ṣé ó lè pa ènìyàn? Èkejì, èyí tí àwọn ìyá máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó bi mí: ṣé kò ní ba ọmọ tí a ó bí lọ́la jẹ́? Èkíní kò gba àríyànjiyàn. Bó bá pọ̀ tó, ó ń pani. Èkejì ni iṣẹ́ tí mo wá jẹ́, nítorí mo rí i pé ìbẹ̀rù tó so mọ́ ọn ti tú ìgbéyàwó ká, ó sì ti sọ ẹni tí kò ṣẹ̀ di ẹni ìtanù, lórí ohun tí àwọn tó fi gbogbo ayé wọn wá a kò rí.

Goiânia ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú ńlá ni, ní àárín orílẹ̀-èdè Brazil. Ilé ìwòsàn aládàáni kan níbẹ̀ tó ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ kó kúrò nínú ilé rẹ̀ ní òpin ọdún 1985, ó sì fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ nínú àlàpà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ọ̀dọ́kùnrin méjì wọlé, wọ́n tú orí ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé e lọ pé irin rẹ̀ yóò tà. Inú irin yẹn ni caesium-137 wà, ìyẹ̀fun tó ń tú ìtànṣán jáde, tí gbogbo rẹ̀ kò ju gíráàmù 93 lọ. Ní ọjọ́ 18, wọ́n tà á fún oníirin àlòkù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, ọkùnrin yìí rí i pé ohun tó wà nínú irin náà ń tàn, ìmọ́lẹ̀ búlúù tó wuni í wò. Ó gbé e wọlé. Ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò wá wò ó. Ó bù ú fún wọn. Àwọn kan fi pa ara bí ẹni ń pa àtíkè. Àbúrò rẹ̀ gbé díẹ̀ lọ sí ilé tirẹ̀, ọmọbìnrin àbúrò yìí, ọmọ ọdún 6, fi ṣeré lórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ náà jẹun.

Ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, awọ ara tó ń bó. Ìyàwó oníirin ló fura, kì í ṣe dókítà. Ó ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹni tó wá sídìí ìyẹ̀fun yìí ni àìsàn ń mú. Ní ọjọ́ 28, òun àti ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kó ìyókù sínú àpò, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìlera. Lọ́jọ́ kejì, onímọ̀ físíìsì kan gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán wá. Kò tíì dé ibẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀rọ náà fi lọ sí ìpẹ̀kun. Ó kọjú rẹ̀ síhìn-ín, ó kọjú rẹ̀ sọ́hùn-ún, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, ó padà lọ mú òmíràn. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó lé ní 112,000 ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò nínú pápá ìṣeré ìlú náà. Wọ́n rí caesium lára 249. Mẹ́rin kú. Ìyàwó tó gbà wọ́n là yẹn àti ọmọdébìnrin náà kú lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá. Ohun tó pa wọ́n ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ya láìdáwọ́ dúró àti kòkòrò àrùn tí ara wọn kò lágbára láti bá jà mọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀? Ní ọdún 1906, àwọn oníṣègùn méjì ní ilẹ̀ Faransé, Bergonié àti Tribondeau, tan X-ray sí ẹpọ̀n eku. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín láti di àtọ̀ run, àmọ́ àwọn tó yí i ká tí kì í pín kò mira. Wọ́n ti ibẹ̀ sọ ohun tí a ṣì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí dòní: sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín léraléra, tí kò sì tíì yan iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ni ìtànṣán máa ń kọ́kọ́ pa. Ibi méjì wà lára àwọn ibi tí pínpín yìí kì í ti sinmi nínú ara àgbàlagbà: mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àti ẹpọ̀n ọkùnrin tó ń ṣe àtọ̀. Ìdí rèé tí a fi ń dárúkọ wọn pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. DNA, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé gbogbo àbùdá tí a jogún, dà bí okùn tí a fi fọ́nrán méjì lọ́ pọ̀. Ìtànṣán a máa já a. Bó bá já fọ́nrán kan, èkejì ṣì wà tí sẹ́ẹ̀lì lè wò láti fi tún tàkọ́kọ́ ṣe, ó sì máa ń tún un ṣe dáadáa láàárín wákàtí díẹ̀. Bí méjèèjì bá já lójú kan, orí okùn méjì ló wà nílẹ̀ tí ń wá ohun tí wọn yóò so mọ́, wọ́n sì lè so mọ́ ibi tí kò yẹ. Gray ni orúkọ òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara. Gray kan ṣoṣo a máa já fọ́nrán kan ní bí ìgbà 1,000 nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, á sì já méjèèjì pọ̀ ní bí ìgbà 20 sí 40. Nínú àwọn yẹn, púpọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì yóò tún ṣe bó ṣe yẹ. Àwọn tó bá ṣì so ni wàhálà: òmíràn a pa sẹ́ẹ̀lì náà nígbà tó bá fẹ́ pín, òmíràn a jẹ́ kó wà láàyè pẹ̀lú àṣìso, kó máa bí irú ara rẹ̀ lọ.

Èyí ni a fi ń ka ìtànṣán nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì wù mí kí ẹ̀yin ọmọ yàrá àyẹ̀wò fetí sí i dáadáa. Krómósóòmù 46, ìyẹn ìdì DNA, ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ibì kan tó sún kì, bí ìbàdí, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti máa ń dì í mú nígbà tó bá ń pín. Bí krómósóòmù méjì bá já, tí orí wọn sì so mọ́ra, èyí tó jáde á ní ìbàdí méjì. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ẹni náà. Ẹ bù ú sínú omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, ẹ fi èròjà kan sí i tí wọ́n yọ lára ẹ̀wà pupa. Èròjà yìí ló ń jí límfósáìtì, irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan, tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ tó móoru tó ara ènìyàn, dígírì 37, fún wákàtí 48. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó pé, ẹ fi oògùn colchicine dá a dúró lójú pínpín, ẹ kán an sórí gíláàsì, ẹ fi aró Giemsa pa á, kí ẹ wá tẹ ojú mọ́ máíkíróskóòpù. Lára ẹni tí kò gba ìtànṣán, ẹ lè ka bí 1,000 sẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó rí oníbàdí méjì kan. Bó bá gba Gray kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó máa rí ọ̀kan nínú bíi sẹ́ẹ̀lì 10 tàbí 12. Bó bá gba Gray 4, iye rẹ̀ á súnmọ́ ọ̀kan fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan.

Ní Goiânia, kò sí ẹni tó mọ iye ìtànṣán tí ẹnikẹ́ni gbà, nítorí kò sí ẹ̀rọ lára wọn, ẹ̀rí ẹnu wọn kò sì dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 129, wọ́n ka krómósóòmù wọn, wọ́n rí i pé 21 gbà ju Gray kan lọ, 8 nínú wọn sì gbà ju Gray 4 lọ. Iye yìí ni àwọn dókítà fi mọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé sí yàrá àdáwà kíákíá. Oníirin àlòkù fúnra rẹ̀ gbà tó Gray 7 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, ó ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun yè é, ìyàwó kú. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ọkùnrin náà a máa jáde lọ síbi iṣẹ́, kò gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ráyè tún ara wọn ṣe láàárín. Ìyàwó ló ń jókòó tì í nílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Iye nìkan kọ́, bó ṣe yára wọlé tó náà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìtànṣán bá wọ ara, ẹ̀jẹ̀ kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Límfósáìtì ló máa ń kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èyí yàtọ̀ sí òfin Bergonié àti Tribondeau, torí límfósáìtì tó ń rìn nínú iṣan kì í pín, síbẹ̀ ìtànṣán díẹ̀ ti tó láti pa á. Àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun yòókù àti plátílẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó ti wà níta tẹ́lẹ̀ yóò ṣì ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ wọn yóò fi pé. Ọjọ́ wọn kò gùn. Plátílẹ́ẹ̀tì kì í lò ju bí ọjọ́ 10 lọ. Mùdùnmúdùn kò sì rán àwọn tuntun wá. Ìdí nìyẹn tí ara aláìsàn fi máa ń dà bí ẹni pé ó ti ń yá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí inú ẹbí ń dùn, kó tó di pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti erìgì àti imú, ibà sì gorí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa, tó ń lo bí ọjọ́ 120, ló máa ń dín kù gbẹ̀yìn. Ní Chernobyl, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́ọ̀mù kan ní Ukraine, lẹ́yìn ìbúgbàù ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, òṣìṣẹ́ àti panápaná 134 ni àìsàn yìí mú, 28 nínú wọn kú láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n fún 13 ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn. Kò gba púpọ̀ nínú wọn là, torí iná ìtànṣán ti jó awọ ara wọn.

Èyí tó bá la ìyẹn kọjá ṣì ní ohun mìíràn níwájú. Ní Hiroshima àti Nagasaki ní Japan, níbi tí Amẹ́ríkà ju àdó olóró átọ́ọ̀mù sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, ó sì ga jù lẹ́yìn ọdún 6 sí 8. Àwọn ọmọdé ló mú jù. Sasaki Sadako, ọmọbìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí àwọn ẹyẹ tó fi bébà ká, jẹ́ ọmọ ọdún 2 lọ́jọ́ tí àdó náà bú. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa á ní 1955. Nínú àwọn olùlàájá tí wọ́n ń tọ́pinpin, tí ìtànṣán dé mùdùnmúdùn wọn, 204 ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa títí di ọdún 2000. Ìṣirò fi hàn pé 94 nínú wọn kì bá tí kú irú ikú bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti àdó náà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìtànṣán kò ṣe nǹkan fún ẹ̀jẹ̀, ẹ má gbà fún un.

Ó ku ohun ìbímọ. Ọkùnrin àti obìnrin yàtọ̀ gan-an níbí. Láti ìgbà tí ọkùnrin bá ti bàlágà ni ẹpọ̀n rẹ̀ ti ń ṣe àtọ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kí sẹ́ẹ̀lì kan tó kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ kó tó di àtọ̀ tó lè lúwẹ̀ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ yìí gbẹgẹ́. Gray 0.15 péré tó bá wọ ẹpọ̀n ti tó láti dín àtọ̀ kù fún ìgbà díẹ̀. Bó bá tó Gray 3.5 sí 6, àtọ̀ lè má padà wá mọ́. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe èròjà akọ nínú ẹpọ̀n kan náà lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ọkùnrin lè ní gbogbo agbára rẹ̀ lórí ibùsùn, irùngbọ̀n rẹ̀ ń hù, ohùn rẹ̀ kò yí padà, kó má sì ní àtọ̀ kankan tó lè fi bímọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, nítorí nílé wa, bí oyún kò bá dúró, ìyàwó ni gbogbo ojú máa ń wò. Ẹni tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ rí, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí àwọn méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ti obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹyin tó máa lò láyé ni wọ́n bí i mọ́, bí mílíọ̀nù kan sí méjì. Ó ti ń dín kù kó tó bàlágà, kò sì ní ju bí 400 lọ tí yóò jáde títí oṣù yóò fi dá lára rẹ̀. Èyí tí ìtànṣán bá pa kò ní arọ́pò. Nítorí náà, bí ọjọ́ orí obìnrin bá ṣe ń lọ sókè ni iye ìtànṣán tó lè mú kí nǹkan oṣù rẹ̀ dá pátápátá ń kéré sí i.

Ti ọkùnrin lè padà bọ̀ sípò, àwọn apẹja Japan kan sì fi hàn wá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1954, Amẹ́ríkà dán àdó olóró kan wò ní Bikini, ní agbami òkun Pàsífíìkì. Eérú funfun rọ̀ sórí ọkọ̀ ẹja kan, Daigo Fukuryū Maru, tí ènìyàn 23 wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Àtọ̀ àwọn yòókù dín kù gan-an, àwọn mìíràn kò ní rárá. Lẹ́yìn bí ọdún méjì ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà, púpọ̀ nínú wọn sì bí ọmọ tí ara wọn le.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ nìyí. Kí ló fà á tí gbogbo ayé fi gbà pé ọmọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ abàmì? Ní ọdún 1927, Hermann Muller ní Texas tan X-ray sí eṣinṣin èso, ó sì fi hàn pé àbùkù tuntun ń yọ nínú jíìnì wọn, ó sì ń bá irú wọn lọ láti ìran dé ìran. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1946, ọdún kan lẹ́yìn Hiroshima. Lẹ́yìn náà wọ́n rí i nínú eku pẹ̀lú. Nítorí náà ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àlá òmùgọ̀. Ó bá ọgbọ́n mu láti rò pé ènìyàn náà yóò rí bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sì dìde láti wá a.

Bí wọ́n ṣe wá a ní Japan yà mí lẹ́nu títí dòní. Oúnjẹ ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun, wọ́n sì ń pín in fún ará ìlú. Aláboyún tí oyún rẹ̀ bá ti pé oṣù márùn-ún ní ẹ̀tọ́ sí àfikún, ó kàn gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ ni. Ìwé orúkọ yìí ni James Neel, William Schull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ará Japan àti ará Amẹ́ríkà, dì mú láti 1948 sí 1954. Wọ́n bi ìyá kọ̀ọ̀kan ibi tí òun àti ọkọ rẹ̀ wà lọ́jọ́ tí àdó náà bú. Agbẹ̀bí mú ìròyìn wá bí ọmọ bá dé, dókítà lọ wò ó nílé. Wọ́n wo ọmọ 76,626. Wọ́n ka àbùkù ara, wọ́n ka òkú ọmọ, wọ́n wọn ìwúwo, wọ́n wo iye ọkùnrin àti obìnrin. Iye àbùkù lára ọmọ àwọn tó gba ìtànṣán kò yàtọ̀ sí ti ọmọ àwọn tí kò gbà. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn wo krómósóòmù àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n wo ikú wọn, wọ́n wo jẹjẹrẹ. Títí di òní, kò sí àrùn àjogúnbá kan tí wọ́n lè nawọ́ sí pé ìtànṣán òbí ló fà á.

Ní ọdún 2021, wọ́n gbé èsì òmíràn jáde láti Chernobyl. Wọ́n ka gbogbo DNA ọmọ 130 àti ti bàbá àti ìyá wọn, àwọn òbí tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí tí wọ́n kó kúrò nítòsí. Olúkúlùkù wa ló ní àyípadà tuntun bíi mélòó kan nínú DNA tí bàbá àti ìyá wa kò ní, láàárín 50 sí 100. Ti àwọn ọmọ yìí kò ju ti ọmọ ẹlòmíràn lọ. Ohun tó ń sọ iye rẹ̀ di púpọ̀ ni ọjọ́ orí bàbá nígbà tó bí ọmọ, kì í ṣe ìtànṣán.

Kò túmọ̀ sí pé kò lè ṣẹlẹ̀ rárá. Eku ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe, àwọn tó ń ṣe òfin ààbò sì ṣì ń ka ewu náà mọ́ ìṣirò wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú ènìyàn, lẹ́yìn àdó méjì àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, ó kéré débi pé a kò rí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í rèé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó ti wà nínú oyún nígbà tí ìtànṣán dé yàtọ̀ sí ọmọ tí wọ́n lóyún rẹ̀ lẹ́yìn náà. Èyí tó wà nínú oyún gba ìtànṣán náà fúnra rẹ̀. Ní Hiroshima, àwọn ọmọ tí oyún wọn wà láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 15 ló jìyà jù: orí wọn kéré, ọpọlọ àwọn kan kò dàgbà. Àwòrán àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn ti bàjẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n jogún níbẹ̀. Ọgbẹ́ ara wọn ni.

Ẹ wá wo ohun tí ìbẹ̀rù ṣe. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ìwádìí ìdílé níhìn-ín kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, láti mọ̀ bóyá wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìran wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Japan ṣe ń wádìí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Hiroshima tàbí Nagasaki ni ọmọ náà ti wá, wọ́n á kọ̀ ọ́. Àwọn ènìyàn fi ìtàn ara wọn pa mọ́ fún ọkọ, fún aya, fún ọmọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba ìtọ́jú tí ìjọba ní fún wọn kí àṣírí má bàa tú. Ní Goiânia, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ọmọ ọdún 6 yẹn nínú pósí tí wọ́n fi òjé tẹ́ nínú, ogunlọ́gọ̀ èrò dí ojú ọ̀nà itẹ́ òkú, wọ́n ń sọ òkúta lu òkú ọmọdé. Wọ́n kọ irè oko ìpínlẹ̀ náà lọ́jà, òtẹ́ẹ̀lì kọ àwọn ará ibẹ̀. Mo ń sọ ọ́, ó ń dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé a lè ṣe irú rẹ̀ fún ara wa lọ́la bí a kò bá mọ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, Faransé bú àdó átọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria. Nígbà tó fi máa bú ìkẹta ní ìparí ọdún náà, Nàìjíríà ti gba òmìnira, ìjọba Tafawa Balewa sì já okùn àjọṣe pẹ̀lú Faransé ní oṣù kìíní ọdún 1961, wọ́n ní kí aṣojú wọn kó ẹrù rẹ̀. Mo gbà pé wọ́n ṣe dáadáa.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni irin àlòkù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, ìtànṣán tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń wá epo rọ̀bì sọnù nínú ọkọ̀ ní agbègbè Niger Delta wa. Wọn kò rí i títí di ọdún tó tẹ̀ lé e, láàárín irin àlòkù ní ilé-iṣẹ́ irin kan ní Jámánì. Mélòó nínú àwọn tó ń ra irin kiri àdúgbò wa ló mọ àmì ìtànṣán, abẹ́ mẹ́ta dúdú lórí àwọ̀ òfeefèé? Ẹ bá wa kọ́ wọn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣa irin lórí ààtàn pẹ̀lú. Irin tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, tó ní àmì yẹn, tàbí tí ohun inú rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn, kí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n kúrò, kí wọ́n ké sí àwọn aláṣẹ. NNRA ni orúkọ àjọ ìjọba tó ń mójú tó o.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, àwọn ènìyàn béèrè ìbéèrè. Mo kọ díẹ̀ sílẹ̀ níbí fún àǹfààní ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ìyá kan bi mí bóyá X-ray àyà tí wọ́n ya fún ọmọ òun lè mú un yàgàn. Rárá, mà. X-ray àyà kan jẹ́ bí 0.1 millisievert, òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ewu tí ìtànṣán lè ṣe fún ara. Ilẹ̀, àpáta, oúnjẹ àti ojú ọ̀run fúnra wọn ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní bíi 2.4 millisievert lọ́dún, láìsí ilé ìwòsàn níbẹ̀. CT ikùn pọ̀ jù ú lọ, ó lè tó 8 sí 10, nítorí náà ẹ má ṣe é nítorí pé owó wà. Ẹ ṣe é bí dókítà bá sọ ìdí rẹ̀. Scan tí wọ́n ń fi wo oyún kò ní ìtànṣán irú èyí nínú rárá, ìró ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí obìnrin bá rò pé oyún lè wà, kó sọ kó tó gorí tábìlì X-ray.

Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì béèrè nípa àwọn aláìsàn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní UCH ní Ìbàdàn tàbí ní LUTH ní Èkó. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lọ́jọ́ náà. Ìtànṣán tí wọ́n bá darí sí ìsàlẹ̀ ikùn, àti àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan, lè pa àtọ̀ tàbí ẹyin run. Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ọ̀dọ́kùnrin béèrè ibi tí wọ́n ti lè bá a tọ́jú àtọ̀ rẹ̀ sínú yìnyín, torí bí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè pẹ́ jù. Ti obìnrin náà ṣeé ṣe, àmọ́ ó gba àkókò àti owó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú máa ń ti dókítà láti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níwájú ìyá aláìsàn, ojú máa ń ti aláìsàn náà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni kí ẹ dá a sílẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin kan dúró dìgbà tí ó kù díẹ̀ kí á parí. Ó ní ẹni tí òun fẹ́ fẹ́ ní jẹjẹrẹ nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n sì fi ìtànṣán àti oògùn wò ó sàn. Ẹbí òun ní kí òun jáwọ́. Mo sọ fún un pé wọ́n ti tọ́pinpin ọmọ tó lé ní 4,000 tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bí ní Amẹ́ríkà, àbùkù ara kò pọ̀ lára wọn ju ti ọmọ ẹlòmíràn lọ. Bó bá jẹ́ obìnrin ló gba ìtànṣán sí ilé ọmọ, oyún rẹ̀ gba àmójútó, torí ọmọ lè tètè dé tàbí kó kéré. Ti ọkùnrin rẹ̀ kò ní ìyẹn nínú. Kí ó lọ ka iye àtọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò rọrùn fún wọn láti lóyún. Àwọn méjèèjì tún gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù bí gbogbo ènìyàn, nítorí AS àti AS tó pàdé ló ń bí ọmọ SS nílẹ̀ wa lójoojúmọ́. Ó ní àwọn ti ṣe é. AA ni òun, AS ni ọkùnrin náà. Mo ní kí ó pe ìyá rẹ̀ wá bá mi.